Ilé Azm ní Damásíkù: kí ló dé tí ó fi pín sí mẹ́ta?

Ìbéèrè
Mo kí gbogbo yín. Mo ń ka ìwé lórí ilé Azm tó wà nítòsí Mọ́sáláṣí Umayyad ní Damásíkù, tí gómìnà As'ad Pasha al-Azm kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1750, nígbà tí Síríà wà lábẹ́ ìjọba Ọ́tómánì, tí wọ́n sì sọ di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní ọdún 1954. Kí ló dé tí ilé ẹnì kan fi pín sí ìsọ̀rí mẹ́ta? Ṣé ilé àtijọ́ gan-an sì ni à ń wò lónìí?

Èsì kìíní
Ẹ kú ìwádìí. Ilé ẹnì kan ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ó ti ń ṣe ìjọba. Inú salamlik ni ó ti ń gba àlejò, tí àwọn ẹlẹ́jọ́ sì ti ń rí i. Haramlik, tí ó tóbi jù lọ, jẹ́ ti àwọn ìyàwó, ọmọ àti ìbátan, ọkùnrin àjèjì kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Khadamlik ni ti àwọn ìránṣẹ́. Ìdí nìyí tí ògiri tó kọjú sí ìgboro kò fi ní ọ̀ṣọ́ kankan, nígbà tí òkúta funfun àti dúdú tí wọ́n tò léra, omi tó ń tú jáde láàárín àgbàlá, àti gbọ̀ngàn aláìlógiri-iwájú tó kọjú sí àríwá kí oòrùn má baà wọ inú rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n fi pamọ́ sínú.

Èsì kejì
Ní ti ìbéèrè yín kejì, apá kan jóná nínú ogun oṣù kẹwàá ọdún 1925, nígbà tí àwọn ará Síríà dìde sí ìjọba Faransé, tí àwọn ológun Faransé sì ju bọ́ǹbù sí ìlú náà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tún un kọ́ ní ìlànà àtijọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba Ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní ọdún 1983. Mo gbóríyìn fún wọn, àmọ́ lójú tèmi, irú àtúnṣe yìí ń mú kí ó ṣòro láti fi ojú lásán mọ ògiri tó rí As'ad Pasha yàtọ̀ sí èyí tí kò rí i.

Èsì kẹta
Mo fara mọ́ ọn. Ẹ tún wo bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe yí ètò náà padà: ẹnikẹ́ni tó bá sanwó lè wọ haramlik, kí ó sì wo àwọn ère tí wọ́n wọ̀ láṣọ ìbílẹ̀ nínú yàrá. Ẹ kọ́kọ́ wá àwòrán ìpìlẹ̀ ilé náà, kí ẹ sì tọpa ọ̀nà àlejò láti ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó wo ọ̀ṣọ́.