Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo RealPlayer láyé ọjọ́un, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Láti Houston:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ rédíò lórí fóònù lónìí kò mọ̀ pé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà á wọlé tán sórí kọ̀ǹpútà. Orin ìṣẹ́jú kan péré tó mọ́ bíi ti síídì lè gbà tó wákàtí kan ó dín díẹ̀ lórí módẹ́ẹ̀mù wa ìgbà náà, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù.

Rob Glaser, tó ti ṣiṣẹ́ ní Microsoft rí, ló dá Progressive Networks sílẹ̀ ní Seattle lọ́dún 1994. Ní oṣù kẹrin ọdún 1995, wọ́n gbé RealAudio jáde, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń gbọ́ ohùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló wá di RealPlayer. Wọ́n fún ohùn pọ̀ débi tó fi lè gba inú wáyà tẹlifóònù kọjá, ẹ̀rọ á kó ìwọ̀nba rẹ̀ pamọ́ ṣáájú, á sì máa sọ̀rọ̀ lọ bí ìyókù ṣe ń dé. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n gbé eré baseball láàárín Seattle Mariners àti New York Yankees sórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Lọ́dún 1997, wọ́n fi fídíò kún un, wọ́n sì sọ iléeṣẹ́ náà di RealNetworks.

Tèmi nìyí. Lọ́jọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998 tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá kú, a pe ilé pe ilé, kò wọlé. Mo ṣí ojú ìwé BBC, mo tẹ àmì ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn, RealPlayer bá yọ. "Buffering" ló kọ́kọ́ kọ sísàlẹ̀, ìyẹn ni pé ó ṣì ń kó ohùn jọ, tòun ti nọ́ńbà tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwa tá a jọ ń gbé ti fún mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ohùn oníròyìn ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú agolo. Tó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mí títí á fi tún gbẹ́nu sọ. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ìpàdé pẹ̀lú àwọn aṣojú Amẹ́ríkà ló wà tí àìsàn fi kì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ ará Abẹ́òkúta bú sẹ́kún, ó ní ká tún un gbọ́, a sì tún un gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í gbà kẹ́nikẹ́ni bú ẹ̀rọ yẹn lójú mi.

Láti Ìbàdàn:

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ ṣé gan-an. Níbí, kafé ni gbogbo wa ń lọ ní nǹkan bí ọdún 2001. A ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, àkókò á sì máa jó lọ. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri kafé tí mo ń lọ pé kò sáyè rédíò tàbí fídíò, torí tí ẹnì kan bá ti tan RealPlayer, ímeèlì gbogbo àwọn tó kù dúró nìyẹn. Òru ni mo máa ń lọ, nígbà tí láìnì bá fúyẹ́.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà báyìí, mo sì máa ń sọ fún wọn pé iléeṣẹ́ yìí ò kéré. Ẹ wo bí àwòrán YouTube ṣe máa ń ṣú tí láìnì bá rẹlẹ̀, tó tún ń mọ́ padà: RealNetworks ti ń ṣe irú ẹ̀ láti ọdún 1998, SureStream ni wọ́n pè é. Àwọn, Netscape (iléeṣẹ́ tó ṣe ètò tá a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà) àti Yunifásítì Columbia ló jọ gbé RTSP kalẹ̀, ìlànà tí ẹ̀rọ kan fi ń sọ fún èkejì pé kó bẹ̀rẹ̀ ohùn tàbí fídíò, tàbí kó dá a dúró. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tẹ́ ẹ gbé kọ́ ẹnu géètì yín ṣì ń lò ó títí dòní!

Láti London:

Ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe wálẹ̀ náà. Ètò sáfà, èyí tó ń fi ohùn àti fídíò ránṣẹ́ sáwọn kọ̀ǹpútà, ni RealNetworks ń tà, Microsoft wá ń kó tiẹ̀ mọ́ Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló fẹ́ bá ọ̀fẹ́ du ọjà? Lọ́dún 2005, Microsoft gbà láti san mílíọ̀nù 761 dọ́là kí ẹjọ́ tí RealNetworks pè é lè parí, àmọ́ ọdún yẹn náà ni YouTube dé. RealNetworks náà sì ṣe ohun tó dùn mí: lọ́dún 1999, àṣírí tú pé RealJukebox, ètò wọn fún gbígbọ́ orin, ń ròyìn orin táwọn èèyàn ń gbọ́ fún iléeṣẹ́ náà. Wọ́n tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá.

Èmi ni mò ń bójú tó téèpù ìwàásù ìjọ wa nígbà náà. Mo máa ń so rẹ́kọ́dà mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, RealProducer, ètò RealNetworks míì, á sì sọ ohùn di fáìlì .rm. Ìwàásù wákàtí kan ò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì mẹ́sàn-án lọ. Bàbá tó ń wàásù ti di olóògbé. Láìpẹ́ yìí làwọn ọmọ wọn béèrè ohùn wọn, mo fi VLC, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣí ohùn àti fídíò, ṣí i, ó sì sọ̀rọ̀ ketekete.

Ẹ yẹ àwọn síídì yín wò. Tí fáìlì bá jẹ́ .ra tàbí .rm, ohùn wà nínú rẹ̀. Tí VLC bá kọ̀ ọ́, FFmpeg, ètò ọ̀fẹ́ tó ń yí fáìlì padà, lè sọ ọ́ di MP3. Ṣùgbọ́n .ram kì í gbé ohùn. Ẹ fi Notepad ṣí i, àdírẹ́sì lásán lẹ máa rí níbẹ̀, àfi kẹ́ ẹ wá fáìlì gan-an tí àdírẹ́sì náà tọ́ka sí. Ẹni tó bá ní .rm ìròyìn tàbí orin Yorùbá ìgbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ̀wé sí mi lábẹ́ ibí, màá bá yín yí i padà, mi ò ní gba kọ́bọ̀.