Ṣé kí n wá àyè fún MBA nísinsìnyí, àbí kí n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. Ó ku oṣù díẹ̀ kí n gba oyè àkọ́kọ́ mi nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ọkàn mi sì ń fà sí MBA, ìyẹn oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń gbà wọlé ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, nígbà tí èmi kò ní ju iṣẹ́ oṣù 3 tí mo ṣe lásìkò ìsinmi lọ.

Mo ti kà nípa ètò 2+2 ti Harvard, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá ti lè gba àyè sílẹ̀, kí ó sì lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 ó kéré tán kí ó tó wọlé. Silver Scholars ti Yale ní tirẹ̀ máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti Harvard ló wù mí jù, nítorí ó dá mi lójú pé ẹni tí kò tíì bá oníbàárà tó ń bínú pàdé rí kò ní ní ohun púpọ̀ láti sọ nígbà tí kíláàsì bá ń jíròrò ìṣòro ilé-iṣẹ́. Ọdún 5 ni èsì GMAT, ìyẹn ìdánwò ìgbaniwọlé fún MBA, fi wúlò, nítorí náà mo fẹ́ ṣe ìdánwò náà báyìí tí ìwé kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ta ló kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún yín, ṣé olùkọ́ ni àbí ọ̀gá iṣẹ́? Irú iṣẹ́ wo ló sì yẹ kí n fi ọdún 2 náà ṣe?