Ámúpílífáyà FM tí kì í fẹ́ kúrò lójú kan: ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí

Ará Òde: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Wọ́n gbé ámúpílífáyà kan, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ìgbì rédíò FM kí ó tó dé ẹ́ríà, wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní 98 MHz, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé e sún mọ́ 107, agbára rẹ̀ á já wálẹ̀, tiransísítọ̀ á sì gbóná janjan. Ta ni irú rẹ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀ rí?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Èyí tí mo bá pàdé, kọ́ìlì kan àti kàpásítọ̀ kan ṣoṣo ni ẹni tó ṣe é fi gbé óòmù 2 tiransísítọ̀ (óòmù ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó) lọ sí óòmù 50 tí wáyà ẹ́ríà ń béèrè. Ìlọ́po 25 nìyẹn. Ẹ yọ 1 kúrò, ẹ wá skuẹ́à rúùtù 24 tó kù, Q á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 4.9. Q ni bí ó ṣe rọ̀ mọ́ ojú kan tó: bí ó bá ti ga, kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo fi óòmù 10 ṣe ibùdókọ̀ láàárín, ìpele kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po 5, Q wọn di 2 péré, agbára sì dúró dáadáa láti 87.5 dé 108.

Bàbá Fáàfù: Nígbà tiwa, a ó yí kàpásítọ̀ méjèèjì, a ó máa wo míta, ó parí.

Ará Òde: Bàbá, ta ni yóò máa lọ yí i lóru?

Oníṣẹ́ Ṣàgámù: Èmi kò gbà. Ẹni tó fi kọ́ìlì kún kọ́ìlì, ooru ló fi kún ooru.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ ṣírò ó, ẹ̀gbọ́n. Bí kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ bá dára bákan náà, àpapọ̀ Q àwọn ìpele ni àdánù, ìyẹn agbára tó ń di ooru, máa ń tẹ̀ lé. 2 àti 2 jẹ́ 4, kò sì tó 4.9.

Oníṣẹ́ Ṣàgámù: Mo gba ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n kàpásítọ̀ pọ́ọ́kú inú ọjà kò mọ ìṣirò, ẹ̀yin Ìjẹ̀bú kò sì ní yé dúnàádúrà títí ẹ ó fi ra ayédèrú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù, Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó mú ìṣirò wá, ṣé Ìjẹ̀bú ni tàbí Rẹ́mọ bíi tiyín? Coax (wáyà alábòrí tó ń gbé ìgbì rédíò) óòmù 25 méjì ni èmi máa ń lò láti gbé óòmù 12.5 lọ sí 50: mo so orí kan pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo to orí kejì tẹ̀ léra wọn, mo sì fi ferrite, èròjà dúdú tó ní irin nínú, bò wọ́n. Kò bìkítà MHz tí ẹ bá gbé e lọ.

Bàbá Fáàfù: Níbo ni ẹ ti rí coax óòmù 25 rà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Coax óòmù 50 méjì ni mo ń so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn di ọ̀kan, Bàbá.

Ará Òde: Kò sí ferrite ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nnẹ́, onípele méjì tiyín ni n ó ṣe.