Gang, way àti pole: kí ni ìyàtọ̀ wọn lára súwíìṣì?

Ará Ṣómólú:
Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ iná, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan la fẹ́ ra súwíìṣì fún: yàrá mẹ́ta, orí àtẹ̀gùn, àti ẹ̀rọ amómigbóná ní ilé ìwẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ní Alábà ń béèrè bóyá one gang ni àbí two gang, one-way àbí two-way, single pole àbí double pole. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n túmọ̀ sí? Kí sì ni COM, L1 àti L2 tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀?

Oníwáyà Múṣin:
Gang ni iye bọ́tìnnì tó wà lójú súwíìṣì. Way ni iye ọ̀nà tí iná lè gbà lẹ́yìn bọ́tìnnì kan. One-way ní ọ̀nà kan, ó ṣí tàbí ó dí. Two-way ní ọ̀nà méjì, bí ọ̀kan bá dí, èkejì á ṣí. Pole ni iye wáyà tí bọ́tìnnì kan ń já lẹ́ẹ̀kan náà: single pole ń já live (wáyà tó ń gbé iná wá) nìkan, double pole ń já live àti neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) pọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ní "ẹ fún mi ní two-way" nígbà tó jẹ́ two gang ni wọ́n ń wá, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n á sì gbé délé. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: súwíìṣì two gang ṣì ń wọ àpótí 3 by 3 (íǹṣì ni) tí wọ́n ń rì mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n sọ́kẹ́ẹ̀tì two gang, 3 by 6 ló ń gbà. Kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri ni kí ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Fún yàrá, one-way ti tó.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ọ̀gá Múṣin ti sọ ọ́ dáadáa. Ti àtẹ̀gùn, two-way méjì ni, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. COM ni ojú (ibi tí wáyà ń wọ̀) tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé; L1 àti L2 ni ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Live wọ COM ti ìsàlẹ̀. L1 lọ bá L1, L2 lọ bá L2. Wáyà tó jáde láti COM ti òkè ló ń lọ sí gílóòbù. Neutral kò dé súwíìṣì rárá, gílóòbù ló ń lọ tààrà. Wáyà 1.5mm tó fún iná yìí.

Bí wọ́n bá ṣi COM àti L1 gbé, iná á máa tàn kìkì nígbà tí súwíìṣì kejì bá wà ní ìhà kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni já neutral dípò live! Gílóòbù á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ṣì wà lẹ́nu hóódà rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù ni iná máa gbé.

Oníwáyà Yábàá:
Ẹ̀rọ amómigbóná ńkọ́? Bó bá jẹ́ 3000W, ẹ pín in sí 230V, ó lé ní 13A. Súwíìṣì iná yàrá, 10A ni ọ̀pọ̀ wọn. Ó máa gbóná, ike rẹ̀ á pọ́n, á sì yọ́. Double pole 20A tó ní iná pupa kékeré lójú ni kí ẹ rà, wáyà 4mm ló dáa fún un. Kí ó wà níta ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, kì í ṣe inú ibi tí omi ti ń ta.

Ohun tó ń ba súwíìṣì jẹ́ jù ni ìdè tí kò le. Wáyà tó bá ń mì lẹ́nu sukúrúù máa ń ta pàrà, ooru sì ń jẹ irin. Ẹ tún fi òòfà kan àwọn irin tí wáyà ń wọ̀ kí ẹ tó sanwó. Idẹ kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Irin lásán, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ní Erékùṣù Èkó á tètè mú un dípẹtà.

Ará Ṣómólú:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Two-way kan wà nílẹ̀ tí àmì ẹ̀yìn rẹ̀ ti pa rẹ́. Báwo la ṣe ń mọ COM?

Oníwáyà Yábàá:
Ẹ yọ ọ́ kúrò lára wáyà pátápátá. Ẹ gbé mítà tí oníwáyà fi ń dán iná wò sí ibi tó ń dún "bíìpù", kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ojú méjì-méjì, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ojú méjì tí kò dún rárá, bó ti wù kí ẹ tẹ bọ́tìnnì, L1 àti L2 nìyẹn. Èyí tó ṣẹ́kù ni COM.