Ìmọ̀ràn: Ìdójútòfò wo ló yẹ alágbàdo Òkè-Ògùn tó gbójú lé òjò?

Ọmọ_Ìsẹ́yìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa lẹ́bàá Ìsẹ́yìn jẹ́ ènìyàn 38. Àgbàdo la ń gbìn, kò sẹ́ni tí oko rẹ̀ ju hẹ́kítà 2 lọ, òjò nìkan la sì gbójú lé. Aṣojú méjì ti wá bá wa. Ọ̀kan ní àwọn yóò máa fi sátẹ́láìtì ka òjò, bí kò bá ti tó, owó á wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni wá wo oko. Èkejì ní ìkórè àdúgbò làwọn yóò máa wọ̀n. A tún gbọ́ nípa NAIC, ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba. Èwo ló yẹ wá, kí sì ni ká wò ká tó fọwọ́ sí i?

Baba_Alágbàdo:
Ẹ má tíì béèrè iye owó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń mú kí owó gbà-má-bìínú jáde.

Ní ti NAIC, ètò tó ti wà láti ọdún 1987, oko yín gan-an ni wọ́n ń wò. Ẹ ó fi tó wọn létí pé nǹkan ti bàjẹ́, olùyẹ̀wò á wá, á sì ṣírò àdánù. Kì í ṣe ọ̀dá nìkan ló wà níbẹ̀: iná, ìkún-omi, kòkòrò àti àrùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìjọba sì ń gbé ìdajì owó tí àgbẹ̀ ì bá san lórí ohun jíjẹ bí àgbàdo. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé àgbẹ̀ á ti hú àgbàdo tó gbẹ, á ti ki ẹ̀gẹ́ bọ ibẹ̀ kí olùyẹ̀wò tó dé. Kí ló fẹ́ rí mọ́? Ẹ má fọwọ́ kan ibi tó bàjẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì kọ lẹ́tà láàárín iye ọjọ́ tí ìwé àdéhùn dá.

Ti sátẹ́láìtì kò wo oko yín rárá. Bí àgbàdo yín bá kú, tí òǹkà wọn sì ní òjò rọ̀, kọ́bọ̀ ò ní jáde. Bí màlúù bá jẹ oko, kò kan òjò, kọ́bọ̀ ò ní jáde. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kí wọ́n tó dáwó, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Olóṣùwọ̀n:
Òótọ́ ni Baba sọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kún un. Àpẹẹrẹ ni iye tí mo lò.

Ìgbà tí àgbàdo ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ tó sì ń ya irun ni kí ẹ tẹjú mọ́ nínú ìwé àdéhùn. Fún irú tó ń lo nǹkan bí ọjọ́ 110, ó máa ń bọ́ sáàárín ọjọ́ 50 sí 75 lẹ́yìn gbíngbìn. Bí omi bá wọ́n nígbà yẹn, ṣùkù á wà, hóró ò ní kún un. Ká ní wọ́n fi ₦120,000 sí ọjọ́ 25 wọ̀nyí fún hẹ́kítà kan: bí òjò kò bá pé mìlímítà 60, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bó bá já sí 20, gbogbo rẹ̀ á jáde. Òǹkà wá jẹ́ 35. Ẹ yọ 35 kúrò nínú 60, ó ku 25. Ẹ fi 40 tó wà láàárín 60 àti 20 pín in. Ìdá 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ₦75,000.

Ṣùgbọ́n àròpọ̀ lè tan yín. Òjò mìlímítà 70 lè rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó ṣàn lọ sódò, kí ọjọ́ 24 yòókù gbẹ fúrúfúrú. 70 ti ju 60 lọ, wọn ò ní san nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n fi gbèdéke sí òjò ojúmọ́ kan, bí àpẹẹrẹ kí ohun tó bá lé ní mìlímítà 30 má wọ inú òǹkà, tàbí kí wọ́n máa ka iye ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ léraléra.

Kí aṣojú fi òǹkà ọdún 20 sẹ́yìn ṣe ìṣirò yìí lójú yín. CHIRPS, àkójọ òǹkà òjò tí wọ́n ń fi sátẹ́láìtì ṣe, wà lọ́fẹ̀ẹ́, òǹkà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1981, kò sí àwáwí. Ilẹ̀ tí òǹkà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ dúró fún fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 5 níbùú àti lóròó, ẹ sì mọ̀ pé òjò lè pa abúlé kan kó fo èkejì. Ẹ wá bi àwọn àgbà léèrè ọdún tí ọ̀dá mú àgbàdo. Bí mẹ́rin nínú ọdún márùn-ún tí wọ́n dárúkọ bá bá ọdún tí owó ì bá jáde mu, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bó bá jẹ́ méjì péré, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìyá_Olóko:
Ẹ ṣọ́ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ o. Àkọ́rọ̀ lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí òjò sì dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí irúgbìn kú sínú ilẹ̀. Bí ìwé àdéhùn bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan pàtó tẹ́ ẹ ò sì tíì gbìn, òjò ìgbà tí kò kàn yín ni wọ́n á máa kà. Ó sàn kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti tó iye kan, bíi mìlímítà 25 láàárín ọjọ́ 10. Ní Kenya, wọ́n ti ta irúgbìn tó ní káàdì ìdójútòfò nínú àpò: àgbẹ̀ á fi fóònù forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó gbìn, wọ́n á ṣọ́ òjò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bó bá dá, owó irúgbìn tuntun á dé sórí fóònù rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá aṣojú yín ní irú rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń gbin ti ìparí ọdún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìdádúró òjò oṣù kẹjọ sínú ọjọ́ tẹ́ ẹ ń sanwó fún bí kò bá sí àgbàdo nílẹ̀ nígbà náà. NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún, ẹ kà á. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà ń kà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tilẹ̀kùn títà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́:
Lójú tèmi, wíwọn ìkórè àdúgbò ló yẹ yín jù, torí ó ka ọ̀dá, kòkòrò àti àrùn pọ̀. Wọ́n á mú àwọn oko kan láìṣàyàn, wọ́n á wọn igun kan, ká ní mítà 5 sí mítà 5, wọ́n á ká a, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Kílò 4 níbẹ̀, ẹ fi 400 sọ ọ́ di púpọ̀: kílò 1,600 fún hẹ́kítà kan. Bí àdúgbò bá ń rí 2,500 tẹ́lẹ̀, tí àdéhùn sì ní kí owó jáde bí ìkórè kò bá pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn 1,750, owó á jáde.

Ohun méjì ló ń ba èyí jẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ á ti ká àgbàdo tútù tà kí awọ̀nkórè tó dé. Ẹ fi igun kan nínú oko kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láìká. Wọ́n sì lè fa àdúgbò gbòòrò jù, kí oko etídò bo àdánù yín mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè máàpù rẹ̀.

Ẹ rí i pé ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn adójútòfò, kí ẹ sì sanwó sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́, kì í ṣe ti aṣojú. Bí owó kò bá tíì wọlé, lójú òfin, ìdójútòfò kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn:
Ẹ ṣé gan-an ni. Tá a bá ń wọn òjò fúnra wa, ṣé wọ́n á gbà á?

Olóṣùwọ̀n:
Wọn ò ní fi san owó, ṣùgbọ́n òun lẹ máa fi bá wọn jiyàn tí òǹkà wọn bá yàtọ̀. Ẹ gé orí ìgò oníke tí ara rẹ̀ tọ́, ẹ da omi sísàlẹ̀ rẹ̀ títí dé ibi tó ti tẹ́jú, ẹ fàmì sí i pé òdo nìyẹn, kí ẹ sì fi rúlà sàmì mìlímítà sókè. Ẹ gbé e síta gbangba, kó jìnnà sí igi tó ìlọ́po méjì gíga igi náà. Ẹ kà á láago méje àárọ̀ lójoojúmọ́, ẹ kọ ọ́, ẹ da omi padà sí òdo. Mẹ́ta ní oko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàn ju ẹyọ kan lọ.