Ẹ̀wà àti ọkà bàbà la fi ń bo ilẹ̀ tòmátì àrọ̀kúrò

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bí a ṣe ń gbin ata àti tòmátì àrọ̀kúrò láìkọ ebè, láìfọ́n oògùn koríko: orí ilẹ̀ náà gan-an ni kí ẹ ti gbin ohun tí ẹ máa fi bò ó. Ní Ìbàdàn níbí, àárín oṣù Kẹfà ló dáa jù. Fún ìlàjì pulọ́ọ̀tì, ẹ̀wà kóńgò kan àbọ̀ àti ọkà bàbà agolo mílíìkì mẹ́ta tó. Ẹ̀wà ló ń bọ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kì í pẹ́ jẹrà. Pòpórò ọkà bàbà ló ń pẹ́ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà nìkan, kí tòmátì tó so, koríko ti gba ibẹ̀.

Ìgbà tí ẹ máa gé e gan-an ni iṣẹ́ wà. Kí ẹ̀wà ti máa tanná, kó má tíì so, bí ọjọ́ 45 sí 50. Ẹ gé e ṣáájú, yóò tún rú. Ẹ jẹ́ kó so, oúnjẹ tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ ti lọ sínú èso. Ẹ fi àdá gé ẹ̀wà mọ́lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà síbẹ̀. Ọkà bàbà ní tirẹ̀, bí ẹ bá gé e, ìdí rẹ̀ á tún yọ ọmọ, nítorí náà ẹ fà á tu, ẹ gbọn erùpẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ lórí ẹ̀wà. Ọ̀dá oṣù Kẹjọ á bá yín pa á. Bí ẹ bá ṣì ń rí ilẹ̀ pupa láàárín rẹ̀, ẹ wá koríko gbígbẹ kún un.

Ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ́ tòmátì. Ẹ fi ẹnu àdá la ihò, ẹ bu ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ sì fa ewé sẹ́yìn kúrò lára igi rẹ̀. Ewé tútù tó bá rọ̀ mọ́ ìdí tòmátì ń mú un rà, abẹ́ rẹ̀ náà ni ìrẹ̀ ń sá sí láti wá gé e lóru.

Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí a ń fọ́n kò bá èyí lọ: irúgbìn wọn kéré jù láti la ewé jáde.

—

Mo fẹ́ fi múkúnà kún un, ìyẹn wèrèpè tí kì í yúnni. Ilẹ̀ tí koríko ẹ̀kan bá ti gbà, agbára ẹ̀wà kò ká a. Ẹ ṣán ẹ̀kan náà mọ́lẹ̀, kí ẹ gbin múkúnà ní oṣù Keje. Á bò ó mọ́lẹ̀, á kú fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ á sì wà nílẹ̀ de òjò oṣù Kẹrin. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro etí oko náà yíká kó mọ́ dáadáa, torí iná. Ẹ má gbìn ín nítòsí igi ọsàn, yóò gùn ún pa. Ẹ má sì se èso rẹ̀ jẹ bí ẹ̀wà.