Ọjọ́ kan ṣoṣo ní Stone Town pẹ̀lú ìyá mi: èwo ni kí a ṣe, èwo ni kí a fi sílẹ̀?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lórí ìsinmi tí èmi àti ìyá mi fẹ́ lọ lò ní erékùṣù Zanzibar, ní orílẹ̀-èdè Tànsáníà, lóṣù tí ń bọ̀. Etíkun Nungwi, ní ìhà àríwá erékùṣù náà, ni ilé ìtura wa wà, ṣùgbọ́n a ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Stone Town, ìlú àtijọ́ tí UNESCO fi kún àwọn ibi tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé lọ́dún 2000. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà bọ́ sí, a kò sì lè yí i padà, nítorí pé ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú wa yóò gbéra.

Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ara wọn le, ṣùgbọ́n orúnkún máa ń yọ wọ́n lẹ́nu bí ìrìn bá ti pọ̀. Wọ́n fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrú láyé àtijọ́. Wọ́n fẹ́ ra kànáfùrù àti aṣọ kanga tí wọn yóò fi ta àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́rẹ. Wọ́n sì fẹ́ rí àwọn ìjàpá ńláńlá tí ó wà ní Changuu, erékùṣù kékeré tí àwọn àlejò ń pè ní Prison Island. Ǹjẹ́ gbogbo rẹ̀ lè wọ inú ọjọ́ kan? Bí kò bá lè wọ̀ ọ́, èwo ni kí a yọ, kí ni kí a sì ṣọ́ra fún lọ́jà?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì

Gbogbo rẹ̀ lè wọ̀ ọ́, bí ẹ bá tètè jáde, tí ẹ sì fi ìrun Jímọ̀ ṣe òpó ètò yín. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ará erékùṣù náà, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni ó sì máa ń tì láti nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán títí ìrun yóò fi parí. Ẹni tí ó bá fi ọjà rírà sí àkókò yẹn, ilẹ̀kùn títì ni yóò máa wò. (Kí n má parọ́, àwọn ilẹ̀kùn Stone Town tó wò: igi gbígbẹ́ ni wọ́n, òmíràn sì ní ìṣó idẹ ńláńlá lára.)

Ẹ kúrò ní Nungwi kí ó tó di agogo méje, nítorí ìrìn náà ń gbà ju wákàtí kan lọ. Changuu ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Láti Seychelles ni wọ́n ti fi àwọn ìjàpá àkọ́kọ́ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn lọ́dún 1919, àwọn kan tí ẹ óò rí níbẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n tí ó wà nínú orúkọ ibẹ̀ má sì dẹ́rù ba ìyá yín: lóòótọ́ ni wọ́n kọ́ ilé ẹ̀wọ̀n síbẹ̀ ní ọdún mélòó kan ṣáájú 1900, ṣùgbọ́n dípò ẹlẹ́wọ̀n, àwọn tí ó bá ọkọ̀ ojú omi dé, tí wọ́n ń ṣọ́ nítorí ibà pọ́njú, ni wọ́n ń fi síbẹ̀.

Bí ẹ bá padà kí ó tó di ọ̀sán, ẹ gba ọ̀nà ibi tí ọjà ẹrú wà tẹ́lẹ̀ lọ, torí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀ kì í tì nítorí Jímọ̀. Ọdún 1873 ni Sultan Barghash, ọba Zanzibar nígbà náà, ti ọjà náà pa, lábẹ́ ìfúngun-mọ́ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì náà wà ni wọ́n sọ pé igi tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà wà nígbà náà. Lóde, ère àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́ ara wọn wà nínú kòtò. Ìyá yín lè dúró wò ó láìgun àtẹ̀gùn kankan. Àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń fi han àlejò ni kí wọ́n ronú sí, nítorí àjà wọn kéré, ènìyàn sì ní láti bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Bàbá Akọ̀wé

Ọmọ mi, èmi kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ Changuu yìí. Láti orí iyanrìn etíkun ni a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ sì lè wọ omi dé orúnkún kí o tó di ọkọ̀ mú. Bákan náà ni yóò rí nígbà tí ẹ bá dé ọ̀hún. Orúnkún tí ó ń dun ìyá rẹ náà ni ìwọ yóò gbé lọ sínú ìgbì.

Ohun tí èmi yóò ṣe ni pé kí n fi ìdajì òwúrọ̀ fún ọjà Darajani, èyí tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1904. Òwúrọ̀ ni ó dára jù níbẹ̀, kí ooru tó gbé òórùn ẹja àti ẹran dìde. Ṣọ́ọ̀ṣì tí Ìyá Ìbejì sọ kò jìnnà sí i rárá, ẹsẹ̀ ni ẹ óò fi rìn dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ìyá rẹ sinmi nínú ilé oúnjẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀, kí ẹ wá rìn lọ sí etí òkun láti wo odi àtijọ́ tí àwọn ará Oman kọ́ àti Beit al-Ajaib, Ilé Ìyanu tí Sultan Barghash kọ́ lọ́dún 1883. Apá kan ilé náà wó lulẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, nítorí náà ìta ni kí ẹ ti wò ó. Mọ́tò kò lè wọ ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà inú ìlú yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ilé ní pèpéle òkúta níwájú tí wọ́n ń pè ní baraza, orí rẹ̀ sì ni ìyá rẹ yóò ti máa jókòó mí. Kò sí ẹni tí yóò lé àgbàlagbà kúrò níbẹ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, Bàbá. Òótọ́ ni ti omi náà, n kò sì ní bá yín jiyàn lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá fúnra wọn dé etíkun, kí wọ́n wo bí àwọn yòókù ṣe ń wọ ọkọ̀, kí wọ́n sì pinnu kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ètò Bàbá ni kí ẹ mú.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Alátẹ

Ọ̀rọ̀ ọjà ni tèmi. Kànáfùrù tí ó bá dára máa ń mú òróró jáde bí ẹ bá fi èékánná tẹ orí rẹ̀. Èyí tí ó bá gbẹ fúrúfúrú, wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán tàbí kí ó ti pẹ́ jù lórí àtẹ. Ẹ má ra lúbúlúbú, odindi ni kí ẹ rà, nítorí ohun tí wọ́n bá ti lọ̀ kò ṣe é dá mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá na saffron, èròjà ọbẹ̀ kan, sí yín pé erékùṣù náà ni wọ́n ti gbìn ín, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì kọjá: kì í hù níbẹ̀.

Ní ti kanga, méjì-méjì ni wọ́n ń tà á ní ojú kan láìgé, gbólóhùn Swahili kan sì máa ń wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ bi ọlọ́jà léèrè ohun tí ó ń sọ kí ẹ tó sanwó. Àdúrà tàbí òwe ni àwọn kan, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn jẹ́ ọ̀rọ̀ àsọ̀ sí orogún tàbí aládùúgbò, inú ẹgbẹ́ ìyá yín kò sì ní dùn bí wọ́n bá mọ̀ pé èébú ni wọ́n ró. Àdúgbò Mchangani, nítòsí Darajani, ni kí ẹ ti rà á. Òpópónà Gizenga wà fún ère àti àwòrán, iye owó ibẹ̀ sì máa ń ga nítorí àlejò. Bí wọ́n bá sọ pé ère kan jẹ́ igi dúdú gidi, ẹ fi aṣọ funfun tí ó tutù nù ún. Bí àwọ̀ bá bọ́ sára aṣọ, wọ́n kùn ún ni.

Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun tí wọ́n fi èèpo ìjàpá inú òkun ṣe, nítorí òfin àgbáyé kò gbà á láàyè, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ mú àpò aṣọ dání pẹ̀lú, torí àpò ọ̀rá ti di èèwọ̀ fún àlejò àti onílé ní Tànsáníà láti oṣù Kẹfà ọdún 2019. Owó Shilling ni kí ẹ sì fi ná ọjà; ẹni tí ó bá ń fi dọ́là ná ọjà, owó àlejò ni wọn yóò pè fún un.

Láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Ìyá Rẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá mi gbọ́ ti gbólóhùn ara kanga, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn mọ ẹni tí àwọn yóò ra èyí tí ó ń bú ènìyàn fún. Ó ku ìbéèrè kan: irú aṣọ wo ni kí a wọ̀, ṣé a sì lè dúró jẹun alẹ́ ní Forodhani, ọgbà etí òkun tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lálẹ́, kí a tó padà?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Arìnnàkore

Aṣọ tí ó bo èjìká àti orúnkún ni ó bá ìlú náà mu, pàápàá ní Jímọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yóò máa kí ìyá yín pé "shikamoo", ìkíni ọ̀wọ̀ fún àgbà. Kí wọ́n dáhùn pé "marahaba", ẹ óò sì rí i pé ojú àwọn ọlọ́jà yóò rọ̀ sí wọn. Àwọn kan tí wọ́n ń pè ní papasi yóò fẹ́ tẹ̀ lé yín pé àwọn yóò mú yín lọ síbi gbogbo. "Hapana, asante" (rárá, ẹ ṣeun) ni kí ẹ sọ, kí ẹ má dúró.

Ẹ lè jẹun ní Forodhani. Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ ni àwọn alásè máa ń tẹ́ àtẹ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ béèrè iye owó kí wọ́n tó kó oúnjẹ sínú àwo, kí ẹ sì jẹ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dín tàbí sun lójú yín. Ẹja tí ó ti wà lórí àtẹ láti ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n kàn fẹ́ gbé padà sórí iná, ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Kí ẹ tó yà kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀ yín láàárọ̀, ẹ fi ojú aago hàn án, ẹ má fi ẹnu lásán sọ àkókò. Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ ni àwọn elédè Swahili ti ń ka wákàtí ọ̀sán, láti ìgbà tí ó bá wọ̀ ni wọ́n sì ti ń ka ti alẹ́, nítorí náà agogo méjì alẹ́ tiwọn ni agogo mẹ́jọ alẹ́ tiwa, bí ẹ bá sì sọ fún un ní èdè wọn pé agogo mẹ́jọ alẹ́ ni kí ó wá gbé yín, agogo méjì òru ni yóò máa múra sílẹ̀ fún.